Ikọ́ Ẹ̀yìn Ògiri

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí ọmọ ọwọ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ. Mo ti gbàdúrà fún yín kí n tó mú gègé lọ́wọ́. N kò ní tún un kọ síhìn-ín, nítorí Ẹni tí mo bá sọ ọ́ kò dití. Ara mi le, àyàfi ẹsẹ̀ ọ̀tún tí ó ti sọ ara rẹ̀ di olórí ilé, tí ó ń pinnu ìgbà tí a ó jókòó àti ìgbà tí a ó dìde. Ọmọ rẹ wà ní àlàáfíà. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń béèrè ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. Ó rẹ̀ mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ lẹ́tà yìí láti ráhùn.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ní àná ni mo ń dáhùn. O ní bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá tíì ṣí nígbà tí oṣù yìí bá parí, ìwọ yóò wá mú ọmọ rẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ, ìwọ yóò sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ olówó, nítorí pé ìdánwò àṣejáde ń bọ̀, ọmọ kò sì lè máa jókòó wo ojú ìyá àgbà láti òwúrọ̀ di alẹ́. O tún ní kí n tó sọ ohunkóhun, kí n rántí pé ọmọ tìrẹ ni. Mo rántí. Ọwọ́ mi ni ó bọ́ sí nígbà tí ó ń wá sáyé. N kò bá ọ jiyàn. Mo kàn fẹ́ kí o mọ bí nǹkan ti rí níhìn-ín kí o tó wá di ẹrù rẹ̀. Mo fi ìwé dá ọ lóhùn nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó gba ìjókòó ni. Fóònù jẹ́ ohun tí ènìyàn ń fi ìdúró sọ.

Ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó kọjú sí wa ṣì wà ní títì láti ìgbà tí àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi dè é ti ń dógùn-ún. Koríko pápá ti ga débi pé orí òpó góòlù nìkan ni a ń rí, bí ọrùn ẹni tí ó ń wẹ̀ lódò. Àwọn ewúrẹ́ ni ó ń wọ kíláàsì báyìí. Mo ń wò wọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń dé ní àsìkò, wọn kì í jà, wọ́n sì ń tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà òdìkejì ọ̀nà ní bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ni yóò ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún yìí, a ó sì máa kí ìyá wọn kú oríire. N kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí ó lọ tán ni mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni agogo. O kò mọ̀ pé agogo ilé-ẹ̀kọ́ ni gbogbo òpópónà yìí ń tẹ̀ lé, èmi náà kò mọ̀ títí ó fi dákẹ́. Agogo òwúrọ̀ ni mo fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Agogo ìsinmi ni káfíńtà fi ń jẹun. Agogo ìjáde ni alábúrẹ́dì fi ń gbé àtẹ rẹ̀ síta kí àwọn ọmọ tó ya lé e. Nísinsìnyí búrẹ́dì ń jáde nígbà tí kò sí ẹni tí ebi ń pa, ó sì ń le bí pákó kí ebi tó dé. Káfíńtà ń jẹun nígbàkígbà tí inú bá ti ń bí i. Èmi sì lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ kan, mo sùn títí oòrùn fi kúrò lórí àga mi. Má bẹ̀rù. Òjìji tí ó wà lára ògiri ni mo ń wò báyìí, òun kò tíì daṣẹ́ sílẹ̀.

N kò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ yẹ kí ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún. N kò sì ní agbára tí mo lè fi máa bú ìjọba mọ́, mo ti lo tèmi tán nígbà èwe. Rédíò ní wọ́n ń ṣèpàdé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, wọ́n ṣèpàdé láti mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣèpàdé. Agbẹnusọ àwọn olùkọ́ ní àwọn kò ní yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Agbẹnusọ ìjọba ní àwọn náà kò ní yẹ̀. Àwọn àgbà ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ni yóò fara gbá. Mo wo pápá, mo rí i pé ti koríko sàn. Àwọn ọmọ ni ó fara gbá.

Àwọn tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wá kéde pé kí àwọn ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù. Mo gba ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn. Ọmọ rẹ wẹ̀, ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí mo lọ̀ ní alẹ́. Èmi náà wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ìpàdé òbí, nítorí olùkọ́ ń bọ̀ wá sínú ilé ẹni. A fi ìwé mẹ́ta gbé fóònù náà sókè kí ojú rẹ̀ lè bá tiwa dọ́gba. Olùkọ́ náà yọ. Ọmọdébìnrin ni, ojú rẹ̀ tutù. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i, mo béèrè bí wọ́n ti jí nílé rẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ìṣirò ìdá. Mo gbà pé ojú ń tì í ni. Èmi náà kì í ṣe alásọjù. Ọmọ rẹ ní Màmá Àgbà, kò rí yín o. Mo ní kí ó dákẹ́, pé bí a bá ń rí ènìyàn, ènìyàn náà ń rí wa.

Kò pẹ́, olùkọ́ náà gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kò mí. Kò ṣẹ́jú. O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, àìsàn ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Mo sún mọ́ ọn, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò sí àmì ìrora níbẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé mi pé òun náà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Mo sọ fún ọmọ rẹ pé kí ó má bínú sí i, ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. A kò dìde. A jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kí ó má ba à dà bí ẹni pé a kẹ̀yìn sí i. Inú ìjókòó yìí ni káfíńtà bá wa, ó wá dá àkàbà wa padà. Ó wo èmi, ó wo fóònù, ó wo aṣọ ìpàdé tí mo wọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Màmá Nọ́ọ̀sì, dátà ló tán o, kò sẹ́ni tó yanṣẹ́ lódì. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irú ohun tí dátà jẹ́ tí yóò fi tán sí àárín ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin. Ó fi àkàbà náà ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. N kò tún tan fóònù náà fún ẹ̀kọ́ mọ́. Ilé wa ti ní oníyanṣẹ́lódì kan tẹ́lẹ̀, mo rò pé ó tó.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ Míìsì. Òun ni olùkọ́ kíláàsì ọmọ rẹ, òun náà sì ni ó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé wa láti ọdún tí ó kọjá. Ògiri kan ni ó wà láàárín wa, fèrèsé rẹ̀ sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. À ń kí ara wa ní ìdí ẹ̀rọ omi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ni mo sì fi fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni ó ń gbà jáde, nítorí àwọn òbí ọmọ kì í jẹ́ kí ó rìn. Èyí yóò ní Míìsì, ẹ mà ń gbádùn o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti ń yọ. Òmíràn yóò ní ọmọ òun ti gbàgbé bí a ti ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀, ṣé Míìsì yóò wá bá òun kọ ọ́ ni.

Ní òwúrọ̀ kan ní ìdí ẹ̀rọ omi, láìjẹ́ pé mo béèrè, ó sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àwọn ti fi ọwọ́ sí i: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kankan, kì báà ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́, kì báà ṣe nílé, kì báà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe é, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun gbà pẹ̀lú wọn, nítorí pé bí ẹnì kan bá yẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣubú. Lẹ́yìn náà ó ní ó ń dun òun. Mo ní mo gbọ́. A gbé garawa wa.

Nítorí náà, èmi ni mo mú àga ọmọ rẹ síta. Lówùúrọ̀, ó ń jókòó sí abẹ́ fèrèsé Míìsì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, ó ń ka ìwé àtijọ́ rẹ̀ sókè, ó sì ń ka ìṣirò sókè. Èmi ń tẹ́tí. Kí n má parọ́ fún ọ, ojú mi kò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ìṣirò tí mo sì mọ̀ ni èyí tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́jì, ṣíbí oògùn mélòó fún ọmọ tí ó wúwo tó báyìí. Bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ geere, mo gbà pé ó tọ̀nà. Bí ó bá kọsẹ̀, mo ní kí ó mu omi.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ni ikọ́ náà dé. Ọmọ rẹ ń ka ìlọ́po, ó ní méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Míìsì wúkọ́ ní yàrá rẹ̀. Ọmọ dúró, ó ronú, ó ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ara Míìsì balẹ̀. N kò ro ohunkóhun sí i. Ṣùgbọ́n ikọ́ náà kò lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Ikọ́ gbígbẹ ni. Kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí ibà níbẹ̀. Ojúmọmọ nìkan ni ó ń dé. Kì í dé ní òru, kì í dé ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ọmọ bá ń ṣeré, àyà Míìsì a gbádùn. Bí ọmọ bá ń kàwé, ikọ́ a bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wá kan ìṣirò ìdá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Gbogbo ọdún tí mo fi wà ní wọ́ọ̀dù, n kò rí ikọ́ tí ó kórìíra ìdá rí.

Mo ronú sí i ní alẹ́ méjì, mo sì rí ìdí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sójú pátákó ni. Ọdún púpọ̀ ni Míìsì ti fi ń mí eruku ṣọ́ọ̀kì sínú. Nígbà tí iṣẹ́ dúró, ẹ̀dọ̀fóró ráyè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilé ara rẹ̀. Ìwé àtijọ́ ọmọ rẹ ní eruku tirẹ̀, bí ó bá sì ti ń ṣí i ni èyí ń lọ jí ti ṣọ́ọ̀kì. Inú mi dùn sí àyẹ̀wò yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Mo ra oògùn ikọ́, mo fi ṣíbí tì í, mo gbé e fún un. Ó wo ìgò, ó wo ojú mi, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gbà pé àìlera ni. Mo ní kí ó yọ ahọ́n. Ó yọ ọ́. Ó mọ́ tónítóní. Ó ní ẹ ṣeun, Mà, òun yóò lò ó bí ẹ ti wí.

Mo tún gbé àga ọmọ rẹ kúrò lábẹ́ fèrèsé, mo gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò òdòdó, kí eruku ìwé má ba à dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ni ó ń pele sí i. Ikọ́ náà le, ó ga, ó wá dà bí ohùn ẹni tí ó ń pe ará òdìkejì odò. Ní ọjọ́ kejì mo rí i tí Míìsì gbé àga tirẹ̀ wá sí ojú fèrèsé, tí ó na ọrùn síta. Mo ní kí ó lọ dùbúlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wúkọ́ láti orí ibùsùn. Mo fi aṣọ tútù nu ìwé náà láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, títí inú rẹ̀ fi rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì. Kò ṣe àǹfààní.

Ọmọ rẹ kò sọ nǹkan kan fún mi. Ohun tí mo rí ni pé bí Míìsì bá ti wúkọ́, ọmọ a dúró, a padà sẹ́yìn, a tún un sọ, títí ikọ́ yóò fi dákẹ́. Mo rò pé nítorí aláìsàn ni ó fi ń dúró, mo sì yìn ín fún ìwà rere. Ó ní ẹ ṣeun, Màmá Àgbà, ó sì ń wo ilẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ó ka odindi ojú ìwé kan láìkọsẹ̀, mo gbọ́ ariwo kan ní yàrá Míìsì tí ó jọ àtẹ́wọ́. Mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹ̀fọn ni òun ń pa.

Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé ọmọ rẹ ń tẹ̀ síwájú. Ó pín búrẹ́dì kan fún àwọn ọmọ káfíńtà sí ìdá mẹ́jọ, ó gba ìdá mẹ́ta padà lọ́wọ́ èyí tí ó jí i mú, ó sì sọ fún mi ohun tí ó ṣẹ́ kù kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán. Káfíńtà rí èyí, ó kó ọmọ tirẹ̀ wá jókòó tì í. Ìbá dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Ó dúró níwájú alábúrẹ́dì, ó ní ẹ̀yin ń wá ẹ̀kọ́ kiri, ẹ̀kọ́ wà nílé Màmá Nọ́ọ̀sì, ọmọ ibẹ̀ ń gbọ́ ìdá bí ẹni mu omi. Ìyìn ni ó pè é. Ọ̀rọ̀ náà rìn, ó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olùkọ́.

Àwọn méjì ni ó wá, ọkùnrin gíga kan tí ó so aṣọ pupa mọ́ apá, àti obìnrin kan tí ó mú agboòrùn. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ wọn báyìí ni láti máa ṣọ́ àwọn tí ó ń kọ́ ọmọ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n kí mi bí ó ti yẹ, mo fún wọn ní àga. Ọkùnrin náà ní Màmá, ẹ má bínú, wọ́n ní Míìsì tí ó ń gbé níhìn-ín ń kọ́ àwọn ọmọ. Míìsì ti jáde sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó di férémù mú.

Mo ní Míìsì kò kọ́ ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ni kò yá, èmi sì ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ó béèrè ohun tí ó ń ṣe é. Bí a bá béèrè àìsàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹnu rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní ikọ́. Ó ní irú ikọ́ wo. Mo ní ikọ́ gbígbẹ, ti ojúmọmọ, tí kì í dé àfi bí ọmọ bá ń kàwé tí ó sì ṣi— Ibẹ̀ ni etí mi ti gbọ́ ohun tí ẹnu mi fẹ́ sọ.

Mo dúró. Mo wo ọmọ rẹ, ojú rẹ̀ ti kún. Mo wo ọwọ́ Míìsì lára férémù. Mo wo ìgò oògùn tí ó wà lójú fèrèsé rẹ̀, mo sì rí i pé ó kún dé ọrùn, ṣíbí kan kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí tò kọjá níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ewúrẹ́ òdìkejì yẹn. Mo rántí aṣọ tútù tí mo fi nu ìwé. Mo rántí ahọ́n tí mo ní kí ó yọ.

Ọkùnrin náà ní bí ọmọ bá ṣe kí ni, Màmá? Mo ní ní ọjọ́ tí a jáde ní kọ́lẹ́jì, a gbé ọwọ́ sókè, a búra pé a kò ní sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. N kò da ìbúra náà rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò sì ní lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara mi. Obìnrin náà ní ó yé àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ọmọ ń pé jọ síhìn-ín. Mo ní wọ́n ń jókòó. Ìjókòó kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bí ìjókòó bá jẹ́ ẹ̀kọ́, àwọn ewúrẹ́ yẹn ì bá ti gboyè.

O mọ̀ pé ọmọ rẹ kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ rẹ ni ó ti mú un. Bóyá ẹ̀rù ni, bóyá ọgbọ́n ni, n kò tíì mọ̀ títí di òní, ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlọ́po. Ó ka á geere títí ó fi dé ibi tí ó ti máa ń ṣubú, ó ní méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Míìsì gé ètè rẹ̀ jẹ. Kò wúkọ́. Àṣìṣe náà dúró láàárín wa bí àlejò tí kò sí ẹni tí yóò fún un ní àga.

Ọkùnrin gíga náà ni ó wúkọ́.

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, apá tí aṣọ pupa wà gan-an. Ọmọ rẹ yíjú sí i, ó ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ọkùnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dá orí náà dúró ní agbede méjì. Obìnrin alágboòrùn ń wò ó.

Mo dìde, bí ẹsẹ̀ mi ti rí yìí. Mo mú ìgò náà lójú fèrèsé, mo bu ṣíbí kan, mo ní ikọ́ yìí ń jà láàárín àwọn oníṣọ́ọ̀kì, ó sàn kí a tètè mú un. Ó mu ún lórí ìdúró bí ọmọdé. Ó korò, mo rí i lójú rẹ̀. Obìnrin náà ní láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti tì ni ọ̀fun tòun náà ti ń yún òun. Mo bu tirẹ̀. Ọkùnrin náà wá ní òun yóò jíṣẹ́ fún ẹgbẹ́ pé aláìsàn kan àti nọ́ọ̀sì kan ni àwọn bá. Ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ó dẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè bóyá ìdánwò ọdún yìí ni ọmọ náà fẹ́ ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní níbo ni ó ti ń kọsẹ̀. Mo ní ibi tí a ti ń fi ìdá pín ìdá. Ó mi orí, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀, pé kí ó ṣáà máa dojú ìdá kejì dé. Obìnrin alágboòrùn wúkọ́ sí i. Wọ́n lọ.

Míìsì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún, tàbí ó sunkún títí ó fi rẹ́rìn-ín, n kò béèrè èyí tí ó ṣáájú. Mo sọ fún un pé oògùn náà kò fẹ́ oòrùn. Ó ní òun gbọ́, Mà. A kò tún sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé àga ọmọ rẹ padà sí abẹ́ fèrèsé.

Ìyanṣẹ́lódì kò tíì parí. Rédíò ní ìpàdé mìíràn ń bọ̀. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ Míìsì, ó rẹ àwọn òbí ọmọ, ó rẹ èmi náà. Mo rò pé ó ti ń rẹ àwọn ewúrẹ́ pàápàá, méjì péré ni ó wọ kíláàsì lónìí. N kò lè ṣèlérí fún ọ pé ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣí kí oṣù tó parí. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí mo fi ojú mi rí.

Nípa ti owó, ohun kan ni mo fẹ́. Jọ̀wọ́, fi owó oògùn ikọ́ ránṣẹ́, ti ìgò ńlá. Àwọn ọmọ ti pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikọ́ sì ti pọ̀ sí i. Ó yẹ kí ìgò kan máa wà lójú fèrèsé, kí ẹni tí ó bá ń kọjá lè rí i. Fi rán ẹni tí ó bá ń bọ̀ níhà ibí. Má fi í sí báńkì. Báńkì kọ̀wé sí mi lórí fóònù ní ọjọ́ ìbí mi, wọ́n gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún mi. Mo dá wọn lóhùn ní ọjọ́ náà gan-an, mo dúpẹ́, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ wọn. Wọn kò tíì fèsì. Mo gbà pé àwọn náà ti daṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì fẹ́ dì kún ẹrù wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ rẹ ni ó ka ohun tí o fi ránṣẹ́ fún mi ní àná, nítorí ojú mi. Ó kà á dáadáa. Nígbà tí ó dé ibi tí o ti ní ìwọ yóò wá mú un lọ ní ìparí oṣù, ó dúró, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wo yíká. Kò sí eruku níbẹ̀. Mo ní kí ó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà, ó sì tún wúkọ́. Ilé yìí tóbi fún ẹsẹ̀ kan tí ó ń dùn. Mo wo ògiri títí, èmi náà sì wúkọ́.

Jọ̀wọ́, tún ìṣirò náà ṣe.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ dàgbà, kí ó mọ ìwé. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má dúró, kí ẹni tí ó sì gbà ọ́ síṣẹ́ má gbàgbé owó rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.